Bí ẹ ṣe lè kó àwọn olùfẹ́ fọ́tò yíyà jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gúrúùpù náà má sì kú

Fọ́tò àpọ̀jù ló ń pa ọ̀pọ̀ gúrúùpù àwọn ayàwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ènìyàn 20 wà nínú gúrúùpù, oníkálùkù gbé fọ́tò márùn-ún sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. 100 fọ́tò nìyẹn. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta péré wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan dáadáa, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, èsì 300 la ń wá, ìyẹn 15 lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́. Wọn á kàn máa fi àmì àtàǹpàkò ránṣẹ́, wọn á sì máa fìka yí ojú fóònù lọ ni. Ẹni tó jí láago márùn-ún ìdájí kó lè bá ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, tó gbé fọ́tò rẹ̀ wá, tí kò sì rí ju "ó rẹwà" lọ, lè tún gbé òmíràn wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá yí i padà: fọ́tò kan lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò 20, èsì 60, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́rùn oníkálùkù. Ìyẹn ṣeé ṣe, kódà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń tọ́mọ. Gbogbo ohun tó kù nínú àlàyé yìí, orí ìṣirò yìí ló dúró lé: kí fọ́tò kankan má ṣe kọjá láìjẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta tẹjú mọ́ ọn.

Irú fọ́tò wo ni?

"Gúrúùpù àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò" ti fẹ̀ jù. Ẹni tó ń fi lẹ́ǹsì 600mm ya ẹyẹ àti ẹni tó ń fi fóònù ya àwọn ènìyàn lójú títì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá ara wọn sọ. Ọ̀kan ń wá bí ìyẹ́ apá ẹyẹ yóò ṣe hàn ketekete, èkejì ń wá ìṣẹ́jú àáyá tí ẹni méjì pàdé níkòríta. Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ẹni tí ẹ ń pè, ohun tí ẹ ń yà, àti ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Bí àpẹẹrẹ: "Àwa tí à ń fi fóònù ya fọ́tò dúdú àti funfun, tí a fẹ́ mọ bí a ṣe ń lo òjìji." Ẹ ka gbólóhùn náà sí ẹnì kan létí. Bí ó bá béèrè pé, "Ṣé irú èmi náà lè wá?", kò tíì yé e, ẹ tún un kọ.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pé bí wọ́n bá dín in kù, wọn ò ní rí ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bá ẹni mu gan-an lèèyàn máa ń dúró sí.

Àwọn ẹni àkọ́kọ́

Ẹni 12 sí 20 ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe ju líǹkì síta fún gbogbo ayé. Àwọn tó ń polówó ọjà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹ lọ wá àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń gbé fọ́tò wọn sí, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ohun tí ẹ rí nínú iṣẹ́ wọn. Ìwé náà kò gbọdọ̀ gùn ju báyìí lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí fọ́tò àtẹ̀gùn tí ẹ yà. Bí òjìji irin rẹ̀ ṣe tò sára ògiri ló dá mi dúró. Àwa bíi 15 ń fẹ́ máa gbé fọ́tò kan wá lọ́sẹ̀ ká sì máa bá ara wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fẹ́ fi dán an wò. Ṣé ẹ ó bá wa ṣe é?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ṣe pàtàkì. Ó rọrùn fún ènìyàn láti gbà sí ohun tó lópin ju ohun tí kò mọ ìgbà tí yóò parí lọ, bí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá sì pé tí inú rẹ̀ dùn, kò ní kúrò. Ẹ pe bí 30, kí 15 lè kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ rí i dájú pé mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn ti pẹ́ nídìí kámẹ́rà. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀gá, ẹ̀rù á ba ẹni tuntun láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ ìdí tí fọ́tò kan fi ṣókùnkùn.

Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ bá ẹni mẹ́ta dá májẹ̀mú pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, àwọn ni yóò máa dáhùn sí gbogbo fọ́tò láàárín wákàtí 24. Iṣẹ́ tó lágbára ni, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn yòókù ti máa rí bí èsì ṣe ń rí, tí wọ́n á sì máa kọ irú rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa pàdé sí, àti bí fọ́tò ṣe ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà

Gúrúùpù WhatsApp gba ènìyàn 1,024, ti Telegram gba 200,000. Iye yẹn kọ́ lẹ máa wò. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: ohun tí ojú òpó náà ń ṣe sí fọ́tò, bóyá ẹ lè ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti bóyá nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn yóò hàn síra wọn.

Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán lórí WhatsApp tàbí Telegram, wọ́n á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ojú ọ̀run tó yẹ kó máa ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ á di ìlà-ìlà, irun orí á dà bí ohun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹlòmíràn á wá máa sọ fún ayàwòrán náà pé fọ́tò rẹ̀ kò mú, nígbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ bí fáìlì: lórí WhatsApp, ẹ yan "Document", lórí Telegram, ẹ yan "File". Bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín náà ló máa dé. Ewu kan wà nínú rẹ̀ o, a máa débẹ̀ láìpẹ́.

Telegram ni ó wù wá jù fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ lè ṣí "Topics" níbẹ̀, kí fọ́tò ọ̀sẹ̀ yìí wà lọ́tọ̀, ìbéèrè lórí kámẹ́rà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lè jẹ́ kí ẹni tuntun rí ohun tí wọ́n ti sọ kó tó dé, ẹnikẹ́ni sì lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. Lórí WhatsApp, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹni tó bá wà nínú gúrúùpù lè rí nọ́ńbà àwọn yòókù, èyí tí kò tu ọ̀pọ̀ obìnrin lára láàárín àjèjì. Àmọ́ bí gbogbo ènìyàn yín bá ti wà lórí WhatsApp tí wọn kò sì fẹ́ kúrò, ẹ dúró níbẹ̀. Ojú òpó tó dára tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí kò wúlò.

Ọ̀rọ̀ máa ń ṣàn lọ, fọ́tò á sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹ wá ibi kejì tí iṣẹ́ yóò máa wà. Gúrúùpù lórí Flickr, ojú òpó tí wọ́n ń kó fọ́tò sí, dára fún èyí. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìwọ̀nba 1,000 fọ́tò ni wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń kọ irú lẹ́ǹsì àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lò sí abẹ́ fọ́tò. Ẹni tó ń gbé fọ́tò kan lọ́sẹ̀ lè lo 1,000 náà fún ọdún 19.

Kí oníkálùkù ṣètò fọ́tò rẹ̀ bákan náà kó tó fi í ránṣẹ́: ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù jẹ́ 2048 pixel, JPEG tí ìdára rẹ̀ wà láàárín 80 sí 85, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ sRGB, ìyẹn ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù àti áàpù mọ̀ ọ́n kà. Fọ́tò kámẹ́rà 24 megapixel, tó jẹ́ 6000 × 4000, á di 2048 × 1365. Ó tó wò dáadáa lójú fóònù àti kọ̀ǹpútà, kò jẹ dátà ẹlòmíràn, kò sì tó fún olè láti fi tẹ pátákó ìpolówó ńlá tó máa mú dáadáa. Ẹ tẹnu mọ́ sRGB náà. Fọ́tò tó wà ní Adobe RGB, ètò àwọ̀ mìíràn, máa ń ṣá tó bá dé inú áàpù tí kò lè ka àwọ̀ rẹ̀, ojú ènìyàn á wá dà bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn, àtúnṣe wákàtí méjì á sì ṣòfò.

Òfin tí kò ju márùn-ún lọ

Fọ́tò kan lọ́sẹ̀, èyí tí ẹ fúnra yín yà. Ẹ dáhùn sí mẹ́ta kí ẹ tó gbé tiyín sílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́ǹsì, ihò lẹ́ǹsì (nọ́ńbà f/), ìyára tí kámẹ́rà fi ṣí tó sì pa dé, àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó lo fóònù lè kọ orúkọ fóònù náà àti irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ "Ẹ YẸ̀ Ẹ́ WÒ" bí ẹ bá ń fẹ́ kí a tọ́ka sí àléébù, tàbí "FÚN WÍWÒ" bí ẹ kò bá fẹ́. Kò sí ìpolówó ọjà.

Òfin kẹrin yìí máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìjà tó pọ̀. Ẹni tó ya ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde nílé ìwòsàn kò ṣe tán láti gbọ́ pé igun òsì ti mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ ìdùnnú. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé fọ́tò ẹlòmíràn lọ tún ṣe kó sì fi èyí tó tún ṣe hàn láìgbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n ṣe tó.

Èsì tó ń kọ́ ènìyàn

Ibí yìí ni kí ẹ fi àkókò yín sí jù. Ẹ kọ́ gbogbo ènìyàn láti dáhùn ní gbólóhùn mẹ́ta: ibi tí ojú mi kọ́kọ́ lọ; ohun tó fà á kúrò níbẹ̀; ohun kan tí ǹ bá dán wò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló wúlò jù, nítorí ayàwòrán kò lè fi ojú àjèjì wo fọ́tò rẹ̀ mọ́. Ó ti mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Ẹlòmíràn ló lè sọ fún un pé, "Kọ́tíìnì funfun yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, n ò tètè rí bàbá náà."

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Bàbá àgbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lẹ́ǹsì 85mm, f/2, 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ISO 400. Igun òkè lápá òsì funfun báláú, igi fèrèsé dà bí ohun tó hù jáde látorí bàbá, ojú rẹ̀ kò sì mú. "Fọ́tò yín kò mú" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè fà á, oògùn wọn kò sì jọra.

Ẹ sún mọ́ fọ́tò náà títí ẹ ó fi rí i ní 100%. Bí ohun gbogbo, títí kan ògiri, bá fà lọ sí apá kan náà, ọwọ́ ló mì. Bí ògiri bá mú ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bàbá kò mú, bàbá ló mira. Bí etí rẹ̀ bá mú ketekete tí ojú kò mú, ibi tí lẹ́ǹsì tẹjú mọ́ ló ṣì. Ọwọ́ tó mì tàbí bàbá tó mira: ẹ gbé ìyára lọ sí 1/125, kí ẹ gbé ISO lọ sí 800 kí ìmọ́lẹ̀ má bàa dín. Ibi tí lẹ́ǹsì tẹjú mọ́ ló ṣì: ẹ fi àmì fókọ́ọ̀sì sórí ẹyinjú tó sún mọ́ kámẹ́rà jù, tàbí kí ẹ lọ sí f/4 kí ibi tó mú lè fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò gba ISO 1600 bí ìyára bá ṣì jẹ́ 1/60. Ní ti igi fèrèsé, kí ayàwòrán sún ẹsẹ̀ kan sí òsì, ó tán. Igun funfun náà á bá a lọ.

Ẹni tó bá gba irú èsì yìí lẹ́ẹ̀kan yóò padà wá. Ẹni tó kọ ọ́ náà ti kọ́gbọ́n, nítorí ó ti fi ojú ara rẹ̀ tú ohun tó ń ṣe òun náà lójoojúmọ́ palẹ̀. Kò sì pọn dandan kó le koko: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tó lè dára sí i. Bí ẹ bá ka àléébù méje sílẹ̀, kò ní rántí ọ̀kankan.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ

Ọjọ́ Ajé, ẹ kéde àkòrí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilẹ̀kùn pa. Ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan nínú gúrúùpù yan fọ́tò kan tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ bí 100 ọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹni tó ń yàn á máa yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A kò dámọ̀ràn ìdìbò rárá: ọ̀rẹ́ á dìbò fún ọ̀rẹ́, ẹni mẹ́ta kan náà á máa borí, àwọn yòókù á sì gbà pé eré àwọn mẹ́ta náà ni. Bí àwọn ènìyàn yín bá wà káàkiri ayé, ẹ kọ wákàtí ìparí ní UTC (aago àjọlò àgbáyé), kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú lọ́dọ̀ òun.

Àkòrí tó dára ni èyí tí ènìyàn lè yà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbi tó wà. "Ayọ̀" tàbí "Ìfẹ́" kò dára; àwọn ènìyàn á kàn lọ hú fọ́tò àtijọ́ jáde ni. "Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo", "Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́", "1/15 ìṣẹ́jú àáyá", "Láti ilẹ̀ wò ó", "Àwọ̀ kan péré": ìwọ̀nyí máa mú kámẹ́rà jáde. 1/15 dára jọjọ, nítorí ẹni tó bá ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá ní ìyára yẹn máa rí i tí ẹ̀yìn di ìlà gígùn, tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sì mú díẹ̀. Fọ́tò mẹ́wàá lè bàjẹ́ kí ọ̀kan tó dára, ìyẹn sì máa ń fa ọ̀rọ̀ tó dùn láàárín àwọn ènìyàn.

Ibi tí nǹkan ti ń dàrú

Ewu fáìlì tí a mẹ́nu bà: fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà sábà máa ń gbé EXIF dání, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó fara pamọ́ sínú fáìlì fọ́tò, ibi tí wọ́n ti yà á sì lè wà nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà GPS. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fáìlì, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹni tó ya ọmọ rẹ̀ nínú yàrá ti fún àjèjì ní àdírẹ́sì ilé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n pa ètò tó ń kọ ibi tí wọ́n wà ("Location") nínú kámẹ́rà fóònù wọn, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbà tí wọ́n bá ń dín fọ́tò kù. Fọ́tò ọmọ ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọlé láìsí àṣẹ òbí.

Olè fọ́tò máa ń wá. Bí iṣẹ́ ẹnì kan bá ń yàtọ̀ síra jù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé fọ́tò náà sínú TinEye tàbí Google Lens, tó ń wá ibi tí fọ́tò ti hàn rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó fẹ̀sùn kàn án, kí ẹ sì bá a sọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Ẹ ní kó fi fọ́tò tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀lé e hàn. Ẹni tó ya fọ́tò kì í sábà yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbéèrè yìí náà lẹ máa lò fún àwòrán tí AI ṣe. Ẹ sì jẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, ẹni tó ya fọ́tò ló ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti yà á, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbígbé e sínú gúrúùpù kò sọ ọ́ di ti gúrúùpù. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ènìyàn kéde ẹgbẹ́ yín, ẹ tọrọ àṣẹ.

Àríyànjiyàn lórí irú kámẹ́rà tó dára jù kì í tán, ẹni tó ń lo fóònù á sì máa rò pé òun kò tó ẹgbẹ́. Ẹ fún àríyànjiyàn náà ní ààyè tirẹ̀, kí ẹ sì máa kó o lọ síbẹ̀ nígbàkígbà tó bá yọjú láàárín fọ́tò. Èyí tó le jù ni ọkùnrin tó ń kọ̀wé ìkọ̀kọ̀ sí àwọn obìnrin tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìkìlọ̀ kejì kò sí níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀rí, kí ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì padà sọ fún ẹni tó fẹjọ́ sùn pé ẹ ti ṣe é. Bí ẹ bá fà á, òun náà á lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e láìdágbére.

Àwọn tó dákẹ́ ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ń kọ́ nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹ bi í ní ohun kékeré tó mọ̀: "Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ijó, ìyára wo lẹ máa ń lò lálẹ́?"

Bí ó bá ń dàgbà

Ẹ máa gba ènìyàn tuntun márùn-ún-márùn-ún, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì fi ẹni tó ti pẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ka iye fọ́tò tí kò rí èsì mẹ́ta. Nọ́ńbà kan yìí ló máa sọ bí ara gúrúùpù ṣe rí. Bí ó bá ju ìdá mẹ́rin fọ́tò ọ̀sẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, ẹ dá ènìyàn tuntun dúró. Tí fọ́tò bá ti ń kọjá 25 lọ́sẹ̀, ẹ pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ mejìlá-mejìlá, kí oníkálùkù dáhùn nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì tún ọ̀wọ́ náà pò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kí ó má bàa di ẹgbẹ́ inú ẹgbẹ́.

Alábòójútó mẹ́ta ni kó wà láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹnì kan ń kéde àkòrí, ẹnì kan ń gba ènìyàn wọlé, ẹnì kan ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí pé agara ni ó sábà máa ń lé alábòójútó lọ. Kí ó kéré tán ẹni méjì ní agbára tó lè yan alábòójútó tuntun. Fóònù lè sọnù, nọ́ńbà lè pa dà sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gúrúùpù tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo á sì há. Ẹ kọ òfin, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àkòrí tí ẹ ti lò sínú fáìlì kan tí ẹni méjì náà lè ṣí, kí ẹ sì tún un ṣe ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù.